Ẹni Tó Sùn ní Ààyè Kejìlélógún

Ardith Skogen nu orí káńtà rẹ̀ gbẹ kó tó tẹ́ ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i. Àkọ́kọ́ ni láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ ti ìpínlẹ̀ Ohio, tí àwòrán obìnrin onírun funfun kan ń wò láti inú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lójijì. Ìkejì ni lẹ́tà tí Ardith fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí, pé obìnrin náà ti gba àpótí lẹ́tà ní ọ́fíìsì yìí. Ìkẹta ni fọ́ọ̀mù ìbúra. Ìkẹrin ló kéré jù, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù: pélébé ìwé kan tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, tó sọ pé Wilma Haskett sùn ní ààyè kejìlélógún ní ibùdó Coyote Bench lálẹ́ ọjọ́ Ajé.

Oorun alẹ́ kan ṣoṣo. Ohun tí South Dakota ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta ilé rẹ̀, tó kó ẹrù sínú ọkọ̀-ilé, tó sì fẹ́ di ọmọ ìpínlẹ̀ náà nìyẹn. Ọdún kọkànlá rèé tí Ardith ti ń bá irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ gba lẹ́tà ní ìlú kékeré Cutler Draw, tó ń fi í ránṣẹ́ sí wọn níbikíbi tí táyà wọn bá dúró sí. Kò sí ìwé tó lè pọ̀ jù lójú rẹ̀. Bí àwọn kan ṣe máa ń tú aago láti wo bó ṣe ń rìn ni òun máa ń tú fọ́ọ̀mù.

"Ṣé ó pé?" Wilma béèrè. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni, ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́.

"Ó pé, mà. Ẹ fọwọ́ síbí, ká lọ ya fọ́tò tó sàn ju èyí lọ."

"Lester ọkọ mi ní bí mo ṣe rí gan-an nìyẹn."

"Ẹ ò sì bá a jà?"

"Ó kú kí n tó rí èsì tó dáa fún un." Wilma rẹ́rìn-ín, ó mú bírò.

Ilẹ̀kùn ṣí. Tate Brekke ló wọlé, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá àgbègbè náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí fìlà rẹ̀ máa ń tóbi jù ú lọ. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé bírò yẹn sílẹ̀."

Wilma gbé e sílẹ̀.

"Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹ ti búra èké nìyẹn, màá sì ní láti mú yín. Mi ò fẹ́ mú yín." Tate yọ fìlà rẹ̀. "Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń jẹ́ Kendall Haskett?"

"Ọmọ àbúrò ọkọ mi ni. Kí ló ṣe é?"

"Kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ̀yin ló fẹ́ ṣe ní ibi. Ó ti pẹjọ́ ní Ohio pé iyè yín ti ń ra, kí wọ́n fi òun ṣe alágbàtọ́ yín. Adájọ́ máa gbọ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà ní aago méjì ọ̀sán òní. Bó bá gbà á fún un, Kendall á mú yín padà sí Ohio, á fi yín sí ilé ìtọ́jú arúgbó, á sì ta ọkọ̀ yẹn."

"Mo ti sọ fún un pé n ò lọ!"

"Lọ́yà rẹ̀ pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní ẹ ń sọ kiri pé ẹ sùn ní Coyote Bench lọ́jọ́ Ajé. Mo lọ wo ìwé wọn. Royce Tilden ló sùn ní ààyè kejìlélógún. Orúkọ yín ò sí níbì kankan."

Ardith fi ìka kan pélébé ìwé náà. "Èyí ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, mà. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti tilẹ̀kùn á mú àpò-ìwé lẹ́nu ọ̀nà, á kọ orúkọ sí i, á jù ú sínú àpótí irin, á sì fa etí rẹ̀ ya mú lọ. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ àwọn àpò-ìwé yẹn. Èmi náà lè lọ fa ọ̀kan ya nísinsìnyí, kí n kọ ọ́ pé ẹṣin bàbá mi ló sùn níbẹ̀." Ó na ọwọ́ sí Wilma. "Kóòtù ní kí n gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín títí di aago méjì. Ẹ má bínú."

Wilma fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Nígbà tó yíjú sí Ardith, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ardith. Ṣé ó lè jẹ́ pé mo lá a ni?"

Ìbéèrè yẹn ló mú Ardith bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. Ó wo aago. Ogójì ìṣẹ́jú ti kọjá lórí aago mẹ́jọ.

"Tate, o ní wákàtí márùn-ún tí o fẹ́ fi ṣe nǹkan mìíràn?"

"Mo ní màlúù kan tó jáde sójú títì."

"Màlúù á dúró. Màmá yìí ò lè dúró."

*

Ẹ̀yìn ọ́fíìsì ni ọkọ̀-ilé Wilma wà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, níbi tí kò sí iná tàbí omi ẹ̀rọ. Ọkọ̀ gígùn ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, inú rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Lára ilẹ̀kùn, wọ́n lẹ àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan mọ́ ọn, èyí tí gbogbo àwọn tó ń gbé ojú ọ̀nà máa ń ní: bí o bá ti sùn ní ìpínlẹ̀ kan, wàá lẹ ègé rẹ̀ aláwọ̀ mèremère sí àyè tirẹ̀. Wọn kì í fi òfin yẹn ṣeré. Ẹni tó bá kàn wakọ̀ gba ibẹ̀ kọjá ò gbọdọ̀ lẹ ẹ́.

Tate dúró níwájú rẹ̀. "Mà, ẹ wo ibí yìí."

Ardith wò ó. Indiana wà níbẹ̀, Illinois wà, Iowa wà, Nebraska wà. Àyè South Dakota funfun báláú.

"Òun fúnra rẹ̀ ò lẹ ẹ́," Tate sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Bó bá sùn níbí, kí ló dé tí kò lẹ ẹ́?"

Ardith súnmọ́ àwòrán náà. Ó ń wo apá ìlà oòrùn àwòrán náà. "Màmá Wilma, ọdún mélòó lẹ fi gbé ní Ohio?"

"Mọ́kànlélógójì."

"Kí ló dé tí ẹ ò lẹ Ohio?"

Wilma wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní orúkọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ibi tí èèyàn bá ṣèbẹ̀wò sí la máa ń lẹ. Ta ló ń lẹ ilé ara rẹ̀?" Ló bá fọwọ́ kan àyè South Dakota. "Mo ti fẹ́ lẹ èyí láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ti mú un dání. Mo wá rò ó pé, rárá, ibí ni mò ń gbé báyìí. Ohio ló yẹ kí n wá lẹ."

Tate gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ardith mí kanlẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, kò tún rò ó mọ́ bóyá obìnrin náà sùn níbẹ̀ tàbí kò sùn.

"Ọ̀rọ̀ tó dáa ni," Tate sọ. "Ṣùgbọ́n adájọ́ máa fẹ́ ohun tó ṣeé dì mú."

"Mo mọ̀. Màmá, ẹ sọ alẹ́ ọjọ́ Ajé fún mi. Gbogbo rẹ̀, àtèyí tí kò já mọ́ nǹkan."

"Mo dé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tilẹ̀kùn. Mo kọ àpò-ìwé, mo jù ú sínú àpótí. Ààyè tó gbẹ̀yìn ni mo gún sí. Òtútù pọ̀. Mo tan hítà. Mo gbé kẹ́tùlù kaná fún tíì, ni gbogbo ẹ̀ bá kú."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Hítà, kẹ́tùlù, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, gbogbo ẹ̀. Mo jáde lọ síbi òpó iná, mo gbé swíìṣì sókè. Mo padà wọlé, mo tún gbé kẹ́tùlù kaná. Ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìgbà kẹta, mo pa hítà, mo jókòó sínú òtútù, mo mu tíì mi. Mo sọ fún Lester pé, ìwọ yan èyí tí o fẹ́, tíì àbí iná."

Tate tẹ́tí sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ̀ bí ti ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn aláìsàn. Ó fa Ardith sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ gbọ́ ọ. Ó ń bá òkú sọ̀rọ̀. Àti pé ọkọ̀ ńlá ni èyí, mà. Wáyà rẹ̀ nípọn bí ọrùn ọwọ́ mi. Ọkọ̀ báyìí kì í kú nítorí kẹ́tùlù."

"Èmi náà máa ń bá fìrìàjìn mi sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó tíì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi," Ardith dáhùn. "Ṣùgbọ́n òótọ́ lo sọ. Ọkọ̀ báyìí kì í kú nítorí kẹ́tùlù."

Ó lọ ṣí àpótí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, níbi tí wáyà iná wà ní kíká. Wáyà dúdú tó nípọn ni, tó yẹ kí ẹnu rẹ̀ jẹ́ púlọ́ọ̀gì ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi orí kékeré aláwọ̀ ọsàn kan bọ ẹnu náà, irú èyí tí a fi ń so wáyà ńlá mọ́ ojú iná kékeré. Ẹni tó tú u kúrò níbi tó ti lò ó gbẹ̀yìn ò yọ orí náà kó tó ká a.

Ardith dìde. Kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó rìn kíákíá lọ síbi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀.

*

"Ardith, o tún dé," Marlys Uhlig sọ. Òun àti Orrin ọkọ rẹ̀ ló ń bójú tó Coyote Bench. "Ìgbà tí o bá fi ojú yẹn wọlé, ẹnì kan ti wọ gàù."

"Fún mi ní àwọn àpò-ìwé alẹ́ ọjọ́ Ajé."

Márùn-ún ni. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé Royce Tilden ló gba ààyè kejìlélógún. Tate bi Marlys pé èèyàn mélòó ló ní kọ́kọ́rọ́ àpótí irin.

"Èmi nìkan."

"Nítorí náà, bí ẹnì kan bá yọ àpò-ìwé kúrò..."

Marlys gbọ́wọ́ lé ìbàdí. "Tate Brekke, èmi ni mo fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ nígbà tí o ṣubú sínú ìgbẹ́ màlúù ní ọjọ́ ìpàtẹ. Gbogbo ìlú ló rí ìdí rẹ. Olè lo fẹ́ pè mí?"

"Mi ò pè yín ní olè, mà."

"Ó dáa. Tẹ̀ síwájú, kí o pè mí."

Ardith ò gbọ́ wọn. Ó ti gbé àwọn àpò-ìwé náà síwájú wíńdò, ó ń yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lára mẹ́rin nínú wọn, ó rí àmì kéékèèké ní ìlà méjì, bí ẹni pé alángbá kan ti gbìyànjú láti jẹ wọ́n. Ó gbé ọ̀kan sí imú.

"Ọ̀rá ẹran wà lára wọn. Orrin máa ń jẹun bó bá ń tú àpótí?"

"Èmi ni mò ń tú u, mi ò sì ní ọ̀rá lọ́wọ́."

"Ẹ̀mú ni," Ardith sọ. "Ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yí ẹran lórí iná. Ẹnu àpótí yẹn fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Ẹnì kan ti ẹ̀mú bọ̀ ọ́, ó ń fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí èyí tó ń wá. Àwọn tí kò fẹ́ ló dá padà. Èyí tó ń jẹ́ Tilden nìkan ni kò ní àmì eyín kankan lára, nítorí ọwọ́ ló fi jù ú sínú rẹ̀ lẹ́yìn."

Tate wá súnmọ́ ọn. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jẹ ẹran lọ́wọ́ Orrin lóṣù yìí. Ó lè jẹ́ òun."

"Ó lè jẹ́ òun. Ó tún lè jẹ́ ẹnikẹ́ni tó ń yan ẹran níbí, gbogbo wọn nìyẹn. Marlys, wáyà iná ààyè kejìlélógún, kí ló ṣe é?"

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó ṣe nǹkan? Ojú iná ńlá ibẹ̀ jó lọ́jọ́ Sátidé. Orrin gé e kúrò lọ́jọ́ Àìkú. Kékeré nìkan ló kù. Mo ní kó lẹ ìwé mọ́ ọn kí àwọn èèyàn mọ̀. Ṣé Orrin máa ń gbọ́?"

"Ṣé Royce Tilden wá fi ẹjọ́ sùn yín?"

"Royce? Ẹni tó fẹjọ́ sùn mí pé ẹyẹ ń kọrin jù? Kò sọ nǹkan kan nípa iná."

Ardith wo aago ara ògiri. Aago mọ́kànlá ti kọjá. Ó ṣàlàyé fún Tate bí ẹni tó ń ka ọ̀nà fún àlejò: bí àpò-ìwé Wilma bá kàn pòórá, ààyè náà á dà bí òfìfo, èèyàn á sì lè sọ pé ó sọnù. Ṣùgbọ́n bí orúkọ ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, irọ́ tàbí wèrè ni ọ̀rọ̀ Wilma dà. Nítorí náà, ẹni tó ṣe é fẹ́ kó dà bí wèrè. "Àti pé Kendall wà ní Ohio. Ọwọ́ rẹ̀ ò gùn dé ibí. Ó nílò ẹ̀mú."

*

Ààyè kẹsàn-án ni wọ́n bá Royce Tilden, níwájú tìrélà-ilé rẹ̀ tó ga bí abà. Ó ń yí ẹran lórí iná. Ẹ̀mú onírin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tate wo ẹ̀mú náà, ó wo Ardith, ó sì ní làákàyè láti má sọ̀rọ̀.

"Ìyá onílẹ́tà!" Royce kígbe. "Ẹ gbé àga. Ṣé ẹ wá mú mi ni?"

"Ẹran yẹn ni mo wá mú," Ardith sọ, ó jókòó. "Tate fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́ sí adájọ́, kí ọ̀rọ̀ màmá yẹn parí. Ìwé ibùdó sọ pé ẹ̀yin lẹ sùn ní kejìlélógún."

"Èmi ni. Mo kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nítorí oòrùn ò kàn án."

"Ẹ mọ màmá náà?"

"Mi ò rí i rí. Ó ṣeni láàánú. Arúgbó tó dá nìkan ń wa ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ nínú! Á para ẹ̀."

Ardith gé ẹran jẹ. "Òtútù alẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn kò ṣe kékeré. Mo gbọ́ pé omi dì."

"Fún àwọn tó ní játijàti. Èmi tan hítà méjèèjì, mo sì ń dín ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lórí sítóòfù oníná, omi gbígbóná ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ."

"Gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Irọ́ lẹ ń pa."

"Lẹ́ẹ̀kan náà! Ẹ wo wáyà yẹn." Ó fi ẹ̀mú tọ́ka sí i. "Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń gbé ojú ọ̀nà. Mo máa ń tan ohun tí mo bá fẹ́."

"Àwọn mìíràn máa ń gbé orí kékeré dání, bóyá ojú iná ńlá ò ní sí."

"Àwọn ọmọdé orí ìrìn nìyẹn. Mi ò gbé e rí. Bí ibùdó ò bá ní ojú iná ńlá, mi ò ní gún síbẹ̀."

"Ẹ̀rọ amúnáwá ńkọ́?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Mo sùn bí ọmọ ọwọ́."

Tate ń kọ gbogbo rẹ̀. Ardith nu ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ àwọn èèyàn ojú ọ̀nà. Ìdí iná lálẹ́, kò sẹ́ni tí í sọ pé òun lówó tàbí pé òun lẹ́wà. Ohun tí ọkọ̀ òun lè tàn lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n fi ń yangàn. Bí Royce bá ti sọ pé òun kàn sùn ni, kì bá tí sí ihò kankan lára irọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú wáyà yẹn dé kejìlélógún," ó sọ. "Ẹ fi han Tate bí ẹ ṣe gún síbẹ̀. Ọmọ ilé ni, kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ ńlá."

Inú Royce dùn. Ó ká wáyà náà sí èjìká.

*

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago kan lù nígbà tí wọ́n débẹ̀. Marlys àti Orrin ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná. Orrin mú sípánà dání.

"Bó ṣe wọ ibẹ̀ rèé," Royce sọ, ó ki púlọ́ọ̀gì bọ ojú iná ńlá. Ardith ti fi gílóòbù ìdánwò kan sí ìdí wáyà náà.

Kò tàn.

Royce gbé swíìṣì sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e sókè. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó fẹ́ ẹnu rẹ̀, ó tún kì í bọ̀ ọ́.

"Ó bàjẹ́ lẹ́yìn tí mo kúrò," ó sọ níkẹyìn.

Orrin tú ìdérí òpó iná náà. Àwọn wáyà tó lọ sí ojú ńlá ti gé, wọ́n sì fi rọ́bà dúdú we orí wọn. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó fi fọ́tò kan han Tate, èyí tó yà láti fi béèrè ojú iná tuntun: òpó yìí náà ni, wáyà yìí náà ni, rọ́bà dúdú yìí náà ni. Ọjọ́ Àìkú ló wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀rọ amúnáwá ni mo lò," Royce sọ. "Mo ti gbàgbé."

"Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́," Tate kà á jáde nínú ìwé rẹ̀. "Ẹ sùn bí ọmọ ọwọ́."

Ardith tẹ̀ síwájú. "Ẹni tó bá sùn níbí lọ́jọ́ Ajé, ojú kékeré yìí nìkan ló lè lò. Bó bá tan hítà, tí omi rẹ̀ sì ń gbóná lọ́wọ́, tó wá gbé kẹ́tùlù lé e, swíìṣì á já. Mo ti fi hítà àti kẹ́tùlù Marlys dán an wò kí n tó wá bá yín. Ó já lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìgbà mẹ́ta. Màmá kan ti sọ ọ́ fún wa láàárọ̀ yìí, a sì rò pé iyè rẹ̀ ló ń ra." Ó yíjú sí Royce tààrà. "Ẹ ní ẹ ò rí i rí. Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀rọ ìfọṣọ wà nínú ọkọ̀ rẹ̀?"

Ojú Royce pọ́n, ó sì funfun lẹ́yìn náà. Ó wo ojú ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sá, bóyá ó wá rántí pé tìrélà tó ga bí abà ò ṣeé fi sá.

"Kendall ló fi fọ́tò inú rẹ̀ ránṣẹ́," ó sọ. "A pàdé lórí kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ akẹ́rù tí mo fi ń fa tèmi ti fẹ́ kú. Ó ní bí òun bá di alágbàtọ́, èmi ni òun máa ta ọkọ̀-ilé màmá fún. Ó ní wọ́n á tọ́jú màmá dáadáa nílé ìtọ́jú. Mo débí láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, màmá ti jáde lọ. Kendall ní kí n wá àpò-ìwé rẹ̀."

"Níbo ló wà?"

"Mo ti sun ún."

"Kò lè jẹ́ pé ẹ sun ún kí Kendall tó rí i," Ardith sọ. "Ẹni tó ń bẹ èèyàn nírú iṣẹ́ yìí á fẹ́ rí fọ́tò rẹ̀."

Tate na ọwọ́. Royce fi fóònù rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Fọ́tò náà wà níbẹ̀: àpò-ìwé lórí tábìlì, àmì eyín ẹ̀mú lára rẹ̀, àti ọwọ́ ìkọ̀wé gbọọrọ tó kọ Wilma Haskett, ọjọ́ Ajé, ààyè kejìlélógún. Lábẹ́ rẹ̀, Kendall ti dáhùn pé: *Ó dáa. Sun ún.*

"Mà," Tate sọ, "aago kan ààbọ̀ ti fẹ́ lù."

"Kí lo wá ń wò mí fún? Wakọ̀!"

*

Ní aago méjì géérégé, ojú adájọ́ hàn lórí kọ̀ǹpútà Ardith, obìnrin kan tí ó ń jẹ ìpápánu ọ̀sán rẹ̀ lábẹ́ tábìlì bí ẹni pé wọn ò rí i. Kendall wà ní igun kan, táì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nípa bí àǹtí òun ṣe yẹ ní títọ́jú nígbà tí fọ́tò tí Tate fi ránṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ adájọ́. Adájọ́ gbé oúnjẹ sílẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà.

"Ọ̀gbẹ́ni Haskett, ṣé nọ́ńbà fóònù yín nìyí?"

Lọ́yà Kendall gbá a lápá kó má dáhùn.

"Màmá Haskett," adájọ́ sọ, "ẹ sọ alẹ́ ọjọ́ Ajé fún mi."

Wilma wo Ardith. Ardith ò mi orí, kò sì ṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tirẹ̀. Wilma gbé ọwọ́ méjèèjì sórí káńtà. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tì, ojú ńlá tí kò ní iná, orí kékeré aláwọ̀ ọsàn tó wá nínú àpótí, kẹ́tùlù lẹ́ẹ̀mẹta. Kò fo ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi tó ti pa hítà kó lè mu tíì, adájọ́ bo ẹnu.

"Kí ló dé tí ẹ ò pe ẹnikẹ́ni?"

"Kí wọ́n lè sọ fún mi pé ọkọ̀ báyìí kì í kú nítorí kẹ́tùlù?"

Tate wo bàtà rẹ̀.

"Mo ti ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí fún ọdún mọ́kàndínlógún," adájọ́ sọ. "Alẹ́ ọjọ́ Ajé tèmi, mi ò lè rántí tó ìdajì èyí. Mo da ẹ̀bẹ̀ yìí nù. Ọ̀gbẹ́ni Haskett, ẹ má kúrò lórí ìlà. Èmi àti ẹ̀yin ṣì ní ọ̀rọ̀."

Wilma ò yọ̀. Ó jókòó, ó ń mí bí ẹni tó gun òkè. Lẹ́yìn náà, ó fa fọ́ọ̀mù ìbúra súnmọ́ ara rẹ̀, ó ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè, ó sì fọwọ́ sí i. Ardith lu òǹtẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Tate fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sórí káńtà, ó ní òun ń lọ wá màlúù, ó sì jáde kí ẹnikẹ́ni tó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tilẹ̀kùn ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì, ẹ̀rọ inú igun kan kùn, ó sì tu káàdì kan jáde. Ó ṣì gbóná nígbà tí wọ́n fi lé Wilma lọ́wọ́. Ó gbé e jìnnà sí ojú, ó wo fọ́tò náà.

"Mo tún dà bí ẹni tí wọ́n jí."

"Ó sàn díẹ̀, mà."

"Má tàn mí." Ó fi àtàǹpàkò nu ìlà àdírẹ́ẹ̀sì, ó wá ka ìlà tó wà nísàlẹ̀, ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa parí. "Ọdún márùn-ún, Ardith."

"Ọdún márùn-ún."

"Títí di ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún lè mú mi lọ sílé arúgbó."

Ó fi káàdì náà sínú àpò àyà rẹ̀, ó ti bọ́tìnnì àpò náà, ó sì jáde lọ síbi tí ilé rẹ̀ dúró sí, tó gba àyè ọkọ̀ mẹ́rin.